Ewu Àrùn Lẹ́yìn Pípààrọ̀ Kíndìnrín

Bí kíndìnrín méjèèjì bá ti daṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá, ọ̀nà méjì ló kù: kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tàbí kí wọ́n fi kíndìnrín ẹlòmíràn sí i lára. Ọ̀nà kejì yìí ni wọ́n ń pè ní pípààrọ̀ kíndìnrín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dókítà kì í sábà yọ àwọn ti tẹ́lẹ̀ kúrò. Ìsàlẹ̀ ikùn, lápá kan, lókè itan, ni wọ́n máa ń fi tuntun náà sí. Ọwọ́ lè kàn án láti ìta. Ní Nàìjíríà, ilé ìwòsàn St. Nicholas ní Erékùṣù Èkó ló kọ́kọ́ ṣe é, ní ọdún 2000. Ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ tẹ̀ lé e ní ọdún 2002. Àwọn aláìsàn mìíràn máa ń gba Íńdíà lọ. Ibi yòówù kí wọ́n ti ṣe é, iṣẹ́ kò parí lọ́jọ́ tí aláìsàn bá kúrò lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ.

Ara kì í fẹ́ àlejò. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ dà bí ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ géètì àdúgbò ní Ìkòsì, ní Èkó, lóru: ẹni tí wọn kò bá ti mọ̀, wọn kò ní jẹ́ kó kọjá. Lójú wọn, àlejò ni kòkòrò àrùn, àlejò náà sì ni kíndìnrín tí wọ́n mú wá láti ara ẹlòmíràn. Kí wọ́n má baà pa á run, aláìsàn gbọ́dọ̀ máa lo oògùn tó ń dín agbára wọn kù lójoojúmọ́, níwọ̀n ìgbà tí kíndìnrín náà bá ṣì ń ṣiṣẹ́. Tacrolimus, mycophenolate àti prednisolone ni wọ́n sábà máa ń lò pọ̀. Bí oògùn wọ̀nyí ṣe ń dáàbò bo kíndìnrín, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún àrùn.

Ewu yìí ti hàn tipẹ́, kì í sì í ṣe lára kíndìnrín nìkan. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1967, ní ilé ìwòsàn Groote Schuur ní Cape Town, Christiaan Barnard fi ọkàn ẹni tó ti kú sí àyà Louis Washkansky. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ láyé tí wọ́n fi ọkàn ènìyàn mìíràn sí lára. Ọkàn tuntun náà ń lù dáadáa, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjọ́ 18, òtútù àyà pa ọkùnrin náà. Oògùn ti sọ ara rẹ̀ di ahẹrẹpẹ, kò lè bá àrùn jà mọ́.

Àrùn kì í wá lẹ́ẹ̀kan náà. Ní oṣù àkọ́kọ́, ti iṣẹ́ abẹ ló máa ń pọ̀ jù: ojú ọgbẹ́ tó ń ṣọyún, ìtọ̀ tó ń ta ènìyàn nítorí rọ́bà tí wọ́n fi sí ojú ara, òtútù àyà, àti àwọn kòkòrò ilé ìwòsàn tí oògùn kì í tètè ràn. Àrùn sì lè bá kíndìnrín náà wá láti ara ẹni tó fi í sílẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń yẹ ẹ̀jẹ̀ onítọ̀hún wò fún HIV àti jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B àti C. Ibà tí ẹ̀fọn ń fà náà lè gba ọ̀nà yẹn wọlé.

Láti oṣù kejì sí ìkẹfà ni ọ̀rọ̀ máa ń le jù, torí oògùn ti wọra tán. Àkókò yìí ni àwọn àrùn tó ti sùn sínú ara tipẹ́ máa ń jí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti kó fáírọ́ọ̀sì CMV láti kékeré láì mọ̀. Nínú ara tí oògùn ti sọ di aláìlágbára, ó lè fa ibà, ìgbẹ́ gbuuru àti egbò inú ìfun. Fáírọ́ọ̀sì BK ní tirẹ̀, kíndìnrín tuntun náà gan-an ló máa ń bà jẹ́. Ikọ́ ẹ̀gbẹ tó ti fara pa mọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró fún ọ̀pọ̀ ọdún lè bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Oògùn Septrin tí wọ́n ń fún aláìsàn lò fún oṣù mélòó kan kì í ṣe àṣejù: ó ń dènà irú òtútù àyà kan tí kì í sábà kọlu ẹni tára rẹ̀ le.

Aràn kan tún wà, Strongyloides, tó yẹ kí àwọn ará ibi tí omi ti ń ya wọlé mọ̀. Nígbà tí odò Ògùn bá kún, tí wọ́n sì ṣí omi ìsédò Ọ̀yán, omi máa ń bo Àgílítì àti àwọn àdúgbò mìíràn lẹ́bàá Mile 12 àti Kétu ní Èkó, á sì da ṣaláńgá pọ̀ mọ́ kànga. Aràn yìí máa ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tí kò wọ bàtà wọlé láti inú ilẹ̀ tí ìgbẹ́ ti bà jẹ́, ó sì lè gbé inú ìfun fún ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìfi àmì kankan hàn. Bí prednisolone bá dé, á bẹ̀rẹ̀ sí í bí sí i láìníye, á gbé kòkòrò inú ìgbẹ́ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ yẹn kì í sábà yè é. Àyẹ̀wò àti oògùn ivermectin ṣáájú iṣẹ́ abẹ lè dènà gbogbo rẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, bí ara bá gba kíndìnrín náà dáadáa, dókítà máa ń dín oògùn kù. Àwọn àrùn tó wọ́pọ̀ láàárín ìlú ló máa ń kù nígbà náà, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń le ju ti ẹlòmíràn lọ. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, nígbà tí àrùn onígbáméjì jà ní Èkó, Kòsọ́fẹ́ wà lára àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tó kọlù. Nítorí náà, omi sísè tàbí omi tó dájú ni kí aláìsàn máa fi rẹ gàrí. Tòmátò Mile 12 tó ti rin ìrìn àjò láti Òkè Ọya nínú apẹ̀rẹ̀ kò léwu bó bá ti hó dáadáa nínú ọbẹ̀; èyí tí wọ́n gé ní tútù sínú sàláàdì ló yẹ kó sá fún. Bẹ́ẹ̀ náà ni núnù, wàrà tí wọn kò sè, ẹyin tí kò jinná àti sùúyà tí inú rẹ̀ ṣì pupa.

Ibà ni ohun tó yẹ kí ìdílé fojú sí jù. Bí ara bá gbóná, ohun tó wọ́pọ̀ ní Kétu ni kí ènìyàn ra oògùn ibà ní kẹ́míìsì tàbí kó mu àgbo. Fún ẹni tó pààrọ̀ kíndìnrín, àṣà yìí lè ṣekú pani. Prednisolone máa ń bo ooru ara mọ́lẹ̀, tí àrùn ńlá yóò fi dà bí ibà kékeré. Bí tamọ́mítà bá ti fi 38 hàn, tàbí tí ìtọ̀ bá dín kù, tàbí tí ibi tí kíndìnrín wà bá ń dùn ún, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe ọ̀la.

Oògùn kẹ́míìsì fúnra rẹ̀ léwu. Erythromycin, clarithromycin àti fluconazole máa ń jẹ́ kí tacrolimus pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, èyí sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Rifampicin tí wọ́n fi ń wo ikọ́ ẹ̀gbẹ máa ń dín in kù, ara á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ kíndìnrín. Ibuprofen àti diclofenac tí àwọn ènìyàn ń lò fún ara ríro ń ṣe kíndìnrín léṣe tààrà. Ní ti àgbo, ẹni tó sè é kò lè sọ bí yóò ṣe bá tacrolimus ṣe.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, oògùn wọ̀nyí tún lè fa àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àwọn irú jẹjẹrẹ kan. Síbẹ̀, ẹni tó bá dá wọn dúró nítorí owó tàbí nítorí pé ara rẹ̀ ti yá yóò pàdánù kíndìnrín náà.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára tó yẹ kí aláìsàn gbà, ṣáájú iṣẹ́ abẹ ló dára jù. Lẹ́yìn rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ gba àwọn tí kòkòrò ààyè wà nínú wọn, bíi ti ibà pọ́njú, èyí tí wọ́n ń kán sí ẹnu fún rọpárọsẹ̀, àti BCG. Bí ìrìn àjò bá béèrè káàdì ibà pọ́njú, dókítà rẹ̀ lè kọ ìwé ìyọ̀ǹda dípò abẹ́rẹ́ náà.