Iṣan Tíńrín Tó Ń Bọ́ Ọ̀nà Òróòro

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ pípààrọ̀, mo mọ bí inú yín ṣe máa ń dùn tó nígbà tí a bá ṣí ẹ̀mú kúrò lórí iṣan portal, tí ẹ̀dọ̀ tó ti ṣá nínú yìnyín pọ́n padà lójú yín. Ẹ rọra. Portal ló ń gbé nǹkan bí ìdá 75 nínú 100 ẹ̀jẹ̀ tó ń wọ ẹ̀dọ̀, ṣùgbọ́n iṣan àlọ ẹ̀dọ̀ (hepatic artery), èyí tíńrín tí ẹ kò tíì rán, ló ń bọ́ ọ̀nà òróòro. Lára ẹni tí a kò là rí, bí ó bá dí, àwọn iṣan kéékèèké àyíká lè gbà á sílẹ̀. Àwa ti gé gbogbo wọn nígbà tí a ń gbé ẹ̀dọ̀ náà jáde. Bí iṣan àlọ bá dí ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọ̀nà òróòro á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, òróòro á jò, kòkòrò àrùn á ráyè, ẹ̀dọ̀ tuntun á sì bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Tí iṣan náà bá dí, àwọn kan á ní ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ló ki jù. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ọwọ́ ara yín ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Lára ẹni tó fi ẹ̀dọ̀ tọrẹ ni ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Nínú òkú 200 tí Michels, onímọ̀ nípa ẹ̀yà ara, yẹ̀ wò, tó sì kọ nípa wọn ní 1966, díẹ̀ ló fi lé ní ìdajì tí iṣan àlọ ẹ̀dọ̀ wọn rí bí ìwé ṣe yà á. Ti àwọn kan, èyí tó ń lọ sí apá ọ̀tún ẹ̀dọ̀ máa ń ti ara iṣan ìfun wá, á sì gba ẹ̀yìn portal kọjá. Ẹ fi ìka wá a níbẹ̀ kí ọ̀bẹ tó débẹ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹ pa á mọ́, kí a lè so ó mọ́ kùkùté iṣan ọlọ inú lórí tábìlì yìnyín. Ẹ má sì gbàgbé láti mú iṣan ìbàdí olóore náà dání: bí iṣan aláìsàn kò bá dára, òun la ó fi fa ẹ̀jẹ̀ láti ara aorta.

Nígbà tí ẹ bá ń rán iṣan, ẹ má fi ẹ̀mú fún awọ inú rẹ̀ láéláé. Bí awọ yẹn bá ṣí, ẹ̀jẹ̀ á wọ àárín rẹ̀, á sì dí ọ̀nà. Tí ẹ bá rán an tán, ẹ yọ àwọn irin tó la ikùn sílẹ̀, kí ẹ̀dọ̀ jókòó sáyè rẹ̀, kí ẹ wá tún un wò. Iṣan tó gùn jù á ká kò bí rọ́bà omi. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ tú u, kí ẹ tún un rán. Mi ò rí ìtìjú kankan nínú ìyẹn. Ti ọmọdé tàbí ti ẹ̀dọ̀ tí alààyè gé fúnni, níbi tí iṣan lè má ju mìlímítà 2 sí 3 lọ, ẹ gbé máíkíróskóòpù. Àwọn oníṣẹ́ abẹ Kyoto, ní Japan, ti fi èrè rẹ̀ hàn wá láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990.

Lẹ́yìn tíátà, Doppler, ẹ̀rọ tó ń fi ìró wá ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn, ni ojú yín. Aláìsàn lè jókòó, kó máa jẹun, kí iṣan rẹ̀ sì ti dí. Bí Doppler kò bá gbọ́ ohùn iṣan àlọ, tàbí tí ìwọ̀n ìdènà rẹ̀ (resistive index) já wá sísàlẹ̀ 0.5, ẹ ṣe CT kíá. Èyí tó dí lẹ́yìn oṣù mélòó kan tún burú ní tirẹ̀, torí ó máa ń fara pamọ́. Bí ẹni tó lọ pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ ní Íńdíà bá padà sílé, tí ara rẹ̀ ń gbóná lemọ́lemọ́, tí ojú rẹ̀ sì pọ́n, ẹ má kàn kọ oògùn ibà fún un. Ẹ gbé Doppler lé e.

Bí iṣan àlọ bá sì dí láìpẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wákàtí la ń kà. Ẹ pe àgbà, ì báà jẹ́ ààjìn, kí a mọ̀ bóyá a ó tún ikùn ṣí láti yọ ẹ̀jẹ̀ dídì náà ni, tàbí a ó wá ẹ̀dọ̀ mìíràn. Ní Bìrìtìkó, bí ó bá ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ 21, orúkọ aláìsàn lè wọ ìwé àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn jẹ́ kánjúkánjú jù lọ. Ẹ kọ orúkọ náà kí kòkòrò àrùn tó wọnú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.