Abẹ́rẹ́ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò: Bí A Ṣe Ń Ra Ẹ̀rọ Àwo Orin fún Ilé

Àwo orin ṣì kù nílé ọ̀pọ̀ èèyàn ní Òkè-Ògùn. Ẹ wo orí kọ́bọ́ọ̀dù bàbá àgbà ní Ṣakí, ẹ bojú wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá kan ní Ìsẹ́yìn, ẹ lè bá páálí níbẹ̀ tí Hárúnà Ìṣọ̀lá, I.K. Dáíró, Yusuf Ọlátúnjí àti Ebenezer Obey wà nínú rẹ̀, tí eruku ọyẹ́ ọdún pípẹ́ ti bo gbogbo wọn. Ohun tí kò sí mọ́ ni ẹ̀rọ tí yóò mú wọn kọrin. Rédíògíráàmù tó máa ń wà ní igun pálọ̀ nígbà náà ti di ohun tí wọ́n ń gbé tẹlifíṣọ̀n lé. Ikán ti mu ẹsẹ̀ rẹ̀, abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì ti dàwátì láti ìgbà tí kásẹ́ẹ̀tì ti gbòde.

Ní báyìí, àwọn ọmọ tó jogún páálí náà ń wá ẹ̀rọ àwo, èyí tí àwọn bàbá wa ń pè ní ṣénjà. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2020, owó tí wọ́n fi ra àwo orin ju èyí tí wọ́n fi ra CD lọ, irú rẹ̀ kò sì ṣẹlẹ̀ rí láti ọdún 1986. Ìdí nìyí tí àwọn ilé iṣẹ́ fi tún ń ṣe ṣénjà tuntun jáde, èyí tó dára àti èyí tí kò dára. Èyí tí kò dára ló rọrùn láti rí jù lórí àtẹ, òun náà ló sì máa ń rẹwà jù.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ni mo ń bá sọ̀rọ̀ níhìn-ín. Ohun tí mo máa tẹnu mọ́ ni pé ibi tó ń fara kan àwo ni kí owó yín lọ. Pákó tó ń dán, iná aláwọ̀ mèremère, Bluetooth, gbogbo ìyẹn lè dúró ná.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí àwo

Ẹ mú àwo kan, ẹ gbé e síhà ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ẹ ó rí ìlà wínníwínní tó yí i po. Wọ́n jọ pé wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni. Ó bẹ̀rẹ̀ láti etí àwo, ó ń yí lọ títí ó fi dé ẹ̀bá bébà àárín. Ẹ jẹ́ ká pè é ní poro, nítorí bí poro oko ló ṣe rí, kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín ebè méjì. Ẹ̀gbẹ́ poro náà kò tẹ́jú, ó ṣe págunpàgun. Inú págunpàgun yẹn ni ìró ìlù, ìró ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ohùn akọrin wà.

Bí àwo bá ń yí, abẹ́rẹ́ á máa tọ poro náà lọ, págunpàgun á sì máa mì ín. Orí kékeré tí abẹ́rẹ́ wà lára rẹ̀ ló ń sọ mímì yẹn di iná mànàmáná tín-ín-rín. Áḿpílífáyà ló ń sọ iná tín-ín-rín náà di ńlá, sípíkà ló ń sọ ọ́ di orin létí wa. Bí abẹ́rẹ́ bá ti gé, tàbí tí apá tó gbé e bá wúwo jù, ẹ̀gbẹ́ poro ni yóò máa ha jẹ. Ohun tó bá ti ha jẹ kò ní padà wá, ó sì lè jẹ́ pé kò sẹ́lòmíì nínú ẹbí tó tún ní irú àwo náà lọ́wọ́.

Ẹ ka ohun tó wà nínú páálí

Oríṣi àwo mẹ́ta ló wọ́pọ̀, bí wọ́n ṣe ń yára yí ni a fi ń dá wọn mọ̀. Èyí tó dàgbà jù ń yí ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan. Irú rẹ̀ ni Zonophone fi gba orin Yorùbá 43 tí Àlùfáà J.J. Ransome-Kuti, bàbá tó bí bàbá Fẹlá, kọ ní London lọ́dún 1922. Ṣẹ́láàkì ni wọ́n fi ń ṣe é, oje tí kòkòrò kan ń tú jáde sára igi ní Íńdíà àti àyíká rẹ̀. Ó wúwo, bó bá sì já bọ́, ó fọ́ nìyẹn. Ní 1948 ni ilé iṣẹ́ Columbia ní Amẹ́ríkà gbé àwo fífẹ̀ oníke jáde, èyí tó ń yí ìgbà 33 àti ìdá kan nínú mẹ́ta. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni RCA Victor gbé kékeré tó ń yí ìgbà 45 jáde. Àwo fífẹ̀ yìí gan-an ló bá jùjú àti àpàlà lára mu, nítorí ojú kan rẹ̀ lè gba orin bí ìṣẹ́jú 20, olórin á sì ráyè ki gbogbo ọlọ́lá tó wà lójú agbo kó tó mí kanlẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé 33 àti 45 nìkan ló wà nínú páálí yín, ọjà yín rọrùn. Bí 78 bá wà níbẹ̀, ẹ ní sùúrù. Poro rẹ̀ fẹ̀, abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì nípọn tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta abẹ́rẹ́ àwo oníke. Ẹ má jẹ́ kí òǹtàjà fi nọ́ńbà 78 tó wà lára ẹ̀rọ tàn yín. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú, eré 78 nìkan ló wà níbẹ̀, abẹ́rẹ́ 78 kò sí.

Ẹ̀rọ inú àpótí àti èyí tó sàn jù ú lọ

Ẹ̀rọ tí ẹ máa kọ́kọ́ rí ni èyí tí wọ́n ṣe sínú àpótí ìfàlọ́wọ́, tí sípíkà wà nínú rẹ̀, tí wọ́n fi awọ pupa tàbí aláwọ̀ aró bò. Òun lowó rẹ̀ kéré jù, ó sì ṣeé gbé lọ sí òde ìkómọ. Èmi ò ní rà á. Orí abẹ́rẹ́ rẹ̀ jẹ́ irú èyí tó nílò ìwúwo gíráàmù 5 sí 6 kó tó lè ṣiṣẹ́, kò sì sí ibi tí ẹ ti lè dín in kù. Sípíkà tó wà lábẹ́ àwo tún ń mi abẹ́rẹ́, nítorí náà bí ìlù bá ti dún wọlé, apá á fò. Àwọn kan a wá gbé owó ẹyọ lé orí apá náà. Fífò á dáwọ́ dúró lóòótọ́, àmọ́ ìwúwo tó ń ha poro ti tún lé sí i.

Èyí tó yẹ kí ẹ wá ni ẹ̀rọ tí mágínẹ́ẹ̀tì wà ní orí abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ìwúwo tirẹ̀ kì í sábà ju gíráàmù 2 sí 3 àti ààbọ̀ lọ. Àpẹẹrẹ kan ni Audio-Technica AT-LP60X. Bẹ́líìtì rọ́bà ló ń yí àwo rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì, apá á lọ fúnra rẹ̀, á sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, bí orin bá parí á padà sí àyè rẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n nítorí ọjọ́ orí á mọ rírì ìyẹn. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣeé yọ, ẹ sì lè ra òmíràn láìpààrọ̀ gbogbo ẹ̀rọ. Kò lè lo 78. Láàárín 100 sí 200 dọ́là ni wọ́n ń ta irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ẹ fi iye tí dọ́là jẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ ń rà á ṣírò rẹ̀, kí ẹ sì fi owó ẹrù kún un.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, AT-LP120X, wọ́n jù ú lọ. Ó ní eré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ sì lè fi ọwọ́ yín díwọ̀n ìwúwo apá rẹ̀. Ẹni tó ní 78 tó pọ̀ lè fi owó pamọ́ fún un, kó sì ra abẹ́rẹ́ 78 lọ́tọ̀. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 33 mẹ́wàá tàbí ogún kò nílò rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ dáyámọ́ǹdì ni kí ẹ bèèrè. Ó lè lo nǹkan bí wákàtí 500. Abẹ́rẹ́ sáfáyà, èyí tí wọ́n ń fi sí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ inú àpótí, máa ń jẹ tán kíákíá ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Tòkunbọ̀ àti ọ̀rọ̀ iná

Ẹlòmíì á ní tòkunbọ̀ lòun fẹ́, torí ó lágbára jù. Òótọ́ ni, nígbà mìíràn. Ẹ lè rí Technics, Pioneer tàbí Dual àtijọ́ tó máa ṣiṣẹ́ ju tuntun lọ, ní Alábà ní Èkó tàbí lọ́wọ́ oníṣẹ́ rédíò nítòsí yín. Àmọ́ ẹ béèrè ibi tó ti wá kí ẹ tó béèrè iye tí wọ́n ń tà á.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Iná mànàmáná tiwa àti ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 50 Hz, ìyẹn ni pé ó ń lọ síwá-sẹ́yìn ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 60. Ẹ́ńjìnnì ọ̀pọ̀ ṣénjà àtijọ́ ń tẹ̀ lé iye yìí gan-an, kò mọ òmíràn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹ mú 33 àti ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 50, kí ẹ wá pín in sí ọ̀nà 60. Ohun tí ẹ máa rí kò pé 28. Bí ẹ bá gbé irú ṣénjà Amẹ́ríkà bẹ́ẹ̀ sórí iná wa, orin á máa wọ́lẹ̀, ohùn Hárúnà Ìṣọ̀lá á sì nípọn ju bí Ọlọ́run ṣe dá a lọ. Sítẹ́pù-dáúnù tí wọ́n máa ní kí ẹ rà lè sọ fóòtì 240 di 110, kí ẹ́ńjìnnì má baà jóná. Kò lè sọ 50 di 60. Àkọlé kékeré kan wà lẹ́yìn tàbí lábẹ́ ẹ̀rọ: ẹ kà á. Bí ó bá jẹ́ 60 Hz nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀, tí okùn iná rẹ̀ sì wọ inú ẹ̀rọ lọ tààrà láìsí ṣájà, ẹ dá a padà fún oní nǹkan.

Àwọn tuntun tó ní ṣájà tiwọn, tó ń sọ iná di fóòtì 12, ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wọ́n. Iná tí wọ́n ń jẹ kéré, sólà àti ínfátà ilé lè gbé wọn. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń sáré tó ń fà kò sì lè da orin wọn rú, bó ṣe máa ń da ti ṣénjà àtijọ́ rú tí ohùn á máa lọ sókè sódò.

Ní ti tòkunbọ̀, bí ẹ bá rí ṣénjà Garrard tàbí BSR, inú yín lè dùn pé ti bàbá yín nìyí. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti wá, nítorí náà ọ̀rọ̀ iná kì í sábà jẹ́ ìṣòro wọn. Ìṣòro wọn ni orí abẹ́rẹ́ tó wúwo, àti rọ́bà inú wọn tó ti gan. Kí ẹ tó sanwó, ẹ jẹ́ kí wọ́n tàn án. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ojú yín bá àwo ìsàlẹ̀ tí a ń gbé àwo orin lé dọ́gba, kí ẹ wò ó bóyá ó ń lọ sókè sódò bó ṣe ń yí. Ẹ gbé apá sókè díẹ̀, kí ẹ fi ìka kan tì í. Kò gbọdọ̀ há níbì kankan. Ẹ ka orúkọ tó wà lára orí abẹ́rẹ́, kí ẹ fi fóònù wò ó bóyá wọ́n ṣì ń ta abẹ́rẹ́ rẹ̀. Bí wọn kò bá tà á mọ́, igi lásán lẹ fẹ́ rà.

Síso ẹ̀rọ mọ́ áḿpílífáyà

Iná tó ń jáde láti orí abẹ́rẹ́ kéré gan-an. Bí ẹ bá fi wáyà so ẹ̀rọ mọ́ ihò AUX lẹ́yìn áḿpílífáyà, ẹ máa yí ohùn dé òpin, síbẹ̀ ẹ ó kàn máa gbọ́ ọ lókèèrè ni. Ihò tí wọ́n kọ PHONO sí ni tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìgbàlódé kò ní ihò yẹn mọ́, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ bíi AT-LP60X fi ní bọ́tìnì kan lẹ́yìn tó ń lọ láàárín PHONO àti LINE. Bí ẹ bá lo AUX, ẹ tì í sí LINE.

Ẹ má gbé ẹ̀rọ lé orí sípíkà, bó ti wù kí pálọ̀ há tó. Tábìlì tó dúró dáadáa, tí kò dagun, ni kí ẹ gbé e lé, kí oòrùn fèrèsé má sì dé ibẹ̀. Àwo oníke máa ń ká sókè nínú ooru. Ìnàró ni kí ẹ máa tò wọ́n.

Ní ti eruku, ìyẹn pọ̀ lọ́dọ̀ wa láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì. Aṣọ rírọ̀ àti omi mímọ́ tí ẹ kán ọṣẹ olómi díẹ̀ sí tó. Ẹ tọ ọ̀nà tí poro gbà, ẹ má ha á kọjá, kí omi má sì kan bébà àárín. Kẹrosíìnì kò sí níbẹ̀. Sípíríìtì pàápàá, ẹ má jẹ́ kó kan 78, torí ó máa ń yọ́ ṣẹ́láàkì.

Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá délé, àwo tí ẹ kò kà sí ni kí ẹ fi dán an wò, èyí tó ti sán létí tàbí tí ẹ kò mọ ẹni tó ni ín. Bí apá kò bá fò, tí orin kò wọ́lẹ̀, tí ẹ kò sì rí eruku dúdú lẹ́nu abẹ́rẹ́ nígbà tí ojú kìíní parí, ẹ lè wá lọ gbé páálí bàbá yín wá.