Ìdákọ̀ró Tí Kò Ní Okùn

Inú ìbéèrè kan ni ẹ̀kọ́ ti ọ̀tẹ̀ yìí ti wá. Ní ìpàdé wa tó kọjá, ọmọ SS2 kan dìde, ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo rí fídíò kan nígbà ìsinmi. Òyìnbó kan jókòó sínú ọkọ̀ kékeré, ó ń pẹja. Kò ju okùn kankan sómi, kò fọwọ́ kan àjẹ̀, síbẹ̀ ọkọ̀ náà ò kúrò lójú kan. Kí la máa pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n ní idán ni. Kì í ṣe idán rárá. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò.

1. Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ kan palẹ̀

Irin tàbí òkúta tí wọ́n so mọ́ okùn, tí wọ́n jù sómi kí ọkọ̀ má baà lọ, ìdákọ̀ró là ń pè é. Ẹ tú u palẹ̀: ì + dá + ọkọ̀ + ró. Ohun tí a fi ń dá ọkọ̀ dúró ni. Ẹ wò ó dáadáa: irin ò sí nínú ọ̀rọ̀ náà, òkúta ò sí níbẹ̀, okùn pàápàá ò sí níbẹ̀. Iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe ni àwọn baba wa fi sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà sí i.

2. Kí ló ń gbé ọkọ̀ lọ?

Àwa tá a wà ní Lọ́kọ́ja ò níláti lọ jìnnà ká tó rí ìdáhùn. Odò Ọya ń bọ̀ láti orí òkè ní Gínì, Odò Bẹ́núè ń bọ̀ láti Kamẹrúùnù, iwájú ilé wa níbí ni wọ́n ti pàdé. Ẹni tó bá gun Òkè Patti á rí i bí omi méjèèjì ṣe ń wọ inú ara wọn. Oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá ni omi máa ń kún jù. Ẹ rántí ọdún 2012 àti 2022 tí omi wọlé onílé. Ní 2022, ó dí ọ̀nà Àbújá pa.

Omi tó ń ṣàn ní òfin kan: bí ó bá fi ìlọ́po méjì yára sí i, agbára tó fi ń ti ọkọ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Àwọn apẹja ò kọ èyí sínú ìwé, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn mọ̀ ọ́n. Níbi tí omi ò jìn, wọ́n á ri ọ̀pá mọ́lẹ̀, wọ́n á so ọkọ̀ mọ́ ọn. Níbi tó jìn, wọ́n á ju ìdákọ̀ró. Nígbà míì, ẹnì kan á máa ju àwọ̀n, ẹnì kejì á máa tukọ̀. Atukọ̀ yìí á fi ojú sí igi kan ní etí odò. Tó bá rí i pé igi náà ti ń sún, á mọ̀ pé ọkọ̀ òun ló ń sún, á sì fi àjẹ̀ dá a padà. Ẹ má gbàgbé atukọ̀ yìí o. Òun gan-an ni ẹ̀rọ inú fídíò yẹn ń fara wé.

3. Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Káyáákì ni ọkọ̀ tí ọmọ wa rí: ọkọ̀ tóóró fún ẹnì kan. Àwọn kan wà tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wà bíi kẹ̀kẹ́. Ilé iṣẹ́ Hobie ní Amẹ́ríkà gbé tiwọn jáde ní 1997. Ọwọ́ á wá ráyè di ọ̀pá ìwọ̀ mú. Ṣùgbọ́n bí omi bá ń ṣàn, ẹsẹ̀ ò ní sinmi. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń so ẹ́ńjìnnì oníná mọ́ ọn. Ilé iṣẹ́ Minn Kota, tó ti ń ṣe ẹ́ńjìnnì oníná láti 1934, ń pe ọgbọ́n ìdúró-sójú-kan tiwọn ní Spot-Lock. Nǹkan mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀:

(a) GPS ni ojú rẹ̀. Àwọn sátẹ́láìtì tó wà lókè, ní nǹkan bíi kìlómítà 20,200 sí ilẹ̀, ń fi àmì ránṣẹ́. Ẹ̀rọ á wo bí àmì ṣe pẹ́ tó kó tó dé. Tó bá ti gba ti mẹ́rin, á mọ ibi tó wà.
(b) Kọ́ńpáàsì ló ń sọ apá ibi tí ọkọ̀ kọjú sí.
(d) Abẹ̀bẹ̀ tó ń yí lábẹ́ omi ni àjẹ̀ rẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ á fi ibi tẹ́ ẹ wà sórí. Láti ìgbà náà lọ, á máa bi ara rẹ̀ léèrè: Níbo ni mo wà? Níbo ló yẹ kí n wà? Apá ibo ni kí n gbà padà? Á sì máa dá ọkọ̀ padà díẹ̀díẹ̀. Àbí kì í ṣe ohun tí atukọ̀ wa ń ṣe náà nìyẹn? Igi etí odò ló di sátẹ́láìtì.

Síbẹ̀, kì í ṣe pé ọkọ̀ á dúró gbagidi bí òpó. GPS inú fóònù, níta gbangba, lè ṣìnà tó nǹkan bíi mítà márùn-ún. Ọkọ̀ á máa rìn síwá sẹ́yìn díẹ̀ ni.

4. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí

Ìdákọ̀ró onírin ò ń jẹ iná. Eléyìí ń jẹ ẹ́. Ká ní bátìrì jẹ́ 100 Ah, tí ẹ́ńjìnnì sì ń fa 25 A, wákàtí mẹ́rin ló máa lò. Tó bá jẹ́ bátìrì olómi, tí kò dáa ká lò kọjá ìdajì, wákàtí méjì péré ni. Tí omi bá wá yára sí i ńkọ́? Iná á tètè tán. Bẹ́ẹ̀ ìgbà tí omi ń le gan-an ni èèyàn nílò rẹ̀ jù.

Nítorí náà, ẹni tó ní tuntun ò gbọ́dọ̀ ju ti àtijọ́ nù. Ẹ jẹ́ kí irin àti okùn wà nínú ọkọ̀. Ẹ mọ èyí náà: iwájú ọkọ̀ ni a ń so okùn ìdákọ̀ró mọ́ nínú omi tó ń ṣàn. Tẹ́ ẹ bá so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ tàbí ìdí ọkọ̀, omi lè wọ́ ọ tì, kó dojú dé. Okùn náà gbọ́dọ̀ gùn dáadáa. Níbi tí omi ti jìn tó mítà mẹ́rin, okùn mítà 20 ò pọ̀ jù. Ẹ ní ọ̀bẹ nítòsí tẹ́ ẹ lè fi gé e. Pabanbarì rẹ̀, ẹ wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó wọ ọkọ̀. Lọ́kọ́ja wa níbí ni olú ilé iṣẹ́ NIWA, tó ń bójú tó ojú omi Nàìjíríà, wà. Kò yẹ kó jẹ́ àwa la ò ní mọ̀.

5. Kí la máa wá pè é?

Mo padà sí ìbéèrè ọmọ SS2. Nígbà kan, ọkọ̀ tó wà lórí omi nìkan ni "ọkọ̀". Nígbà tí réluwéè dé, a ní ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tí èyí tó ń fò dé, a ní ọkọ̀ òfurufú. Ọ̀rọ̀ náà gbà wọ́n. Ìdákọ̀ró náà lè gba ẹ̀rọ yìí, torí ó ń dá ọkọ̀ dúró, ó tán. Èmi pè é ní ìdákọ̀ró oníná. Ẹni tó bá ní èyí tó dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó mú un wá.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Tú àwọn ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀ bí a ṣe tú ìdákọ̀ró: atukọ̀, apẹja, ìtukọ̀.
2. Bátìrì olómi 80 Ah, ẹ́ńjìnnì ń fa 20 A. Wákàtí mélòó lẹ máa lò kẹ́ ẹ tó dé ìdajì?
3. Ẹ bi apẹja tàbí àgbàlagbà kan nílé bí wọ́n ṣe ń dá ọkọ̀ dúró láyé àtijọ́. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe pè é, ìbáà jẹ́ Ọ̀wọ́rọ̀, Ìyàgbà tàbí Búnú. Ọ̀rọ̀ tá ò bá kọ sílẹ̀, omi lè gbé e lọ.