“Kò Gbọdọ̀” àti “Má Ṣe”: Ẹ̀kọ́ Láti Ìlú Bouaké



Nínú Òfin Mẹ́wàá tí ó wà nínú Ẹ́kísódù orí 20, méjì péré ni ó sọ ohun tí a ní láti ṣe: pípa ọjọ́ ìsinmi mọ́, àti bíbọ̀wọ̀ fún baba òun ìyá. Mẹ́jọ tí ó kù ń sọ ohun tí a ní láti yàgò fún. Àwọn olùkọ́ Júù ayé àtijọ́ ka gbogbo òfin inú ìwé Mósè sí 613. Wọ́n ní 248 ń pàṣẹ pé kí a ṣe nǹkan, 365 sì ń dá wa lẹ́kun. Kò yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó lè fi owó ran aláìní lọ́wọ́, ṣùgbọ́n olówó àti tálákà, àgbà àti ọmọdé, aláìsàn àti alágbára, gbogbo wọn ni ó lè fà sẹ́yìn kúrò nínú olè jíjà, ní ọjọ́ kan náà àti ní ibi gbogbo. Bí a bá sì ní kí ènìyàn má wọ oko kan, gbogbo ọ̀nà yòókù ṣí sílẹ̀ fún un.

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a fẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ tí a fi ń dá ènìyàn lẹ́kun wò, kí a sì fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Bouaké ṣe àpẹẹrẹ.

Ọ̀nà tí èdè wa ń gbà

Yorùbá kò fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ pé kí a má ṣe nǹkan. “A kì í” ni ti òwe àti àṣà: a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò di ẹni ẹ̀sín, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò ní fà á lọ sí ilé ẹjọ́. “Kò yẹ” ni ti ìwà ọmọlúàbí. Ẹ̀rí ọkàn ni onídàájọ́ rẹ̀. “Èèwọ̀” wúwo púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ààlà, nítorí ohun tí ó jẹ́ èèwọ̀ ní agboolé kan lè jẹ́ oúnjẹ ní agboolé kejì. “Má ṣe” ni a ń sọ fún ẹni tí ó dúró níwájú wa, ìbáà ṣe àṣẹ, ìmọ̀ràn tàbí ẹ̀bẹ̀. “Kò gbọdọ̀” ni ohùn òfin.

Ní èdè Hébérù, ọ̀rọ̀ méjì ni a sábà máa ń bá pàdé: “lo” àti “al”. “Al” ni ó wà níbi tí a ti fi Ábúrámù lọ́kàn balẹ̀ pé kí ó má bẹ̀rù (Jẹ́nẹ́sísì 15:1), àti níbi tí baba ti ń gba ọmọ rẹ̀ níyànjú kí ó má gbà fún àwọn tí ń tàn án (Òwe 1:10). “Lo” ni ó wà nínú Òfin Mẹ́wàá, ó sì ń sọ nípa ohun tí a kà léèwọ̀ nígbà gbogbo. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì Yorùbá, èyí tí ó parí ní 1884, rí ìyàtọ̀ náà. Wọ́n lo “kò gbọdọ̀” fún Òfin Mẹ́wàá, wọ́n sì lo “má” fún ìyànjú baba fún ọmọ.

Àwọn Bíbélì èdè Faransé gbé àwọn òfin wọ̀nyí kalẹ̀ bí ẹni tí ń sọ nípa ọjọ́ iwájú, gẹ́gẹ́ bí Hébérù fúnra rẹ̀ ti gbà á láàyè. Bí a bá tẹ̀ lé e ní ẹyọ-ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, “kì yóò” ni a ó kọ, ẹni tí ó gbọ́ ọ yóò sì rò pé àsọtẹ́lẹ̀ ni. “Kò gbọdọ̀” dára jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra: “kò gbọdọ̀” kì í ṣe “kò pọn dandan”. Ẹni tí kò pọn dandan fún láti lọ lè lọ bí ó bá fẹ́. Ẹni tí kò gbọdọ̀ lọ ti wà lábẹ́ òfin. Olùtumọ̀ tí ó bá da méjèèjì pọ̀ ti sọ ojúṣe di ohun tí ó wuni.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Bouaké

Bouaké wà ní àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, ní nǹkan bí 350 kìlómítà sí àríwá Abidjan. Ilẹ̀ àwọn Baoulé ni. Ojú irin dé ibẹ̀ ní 1912, ọ̀pọ̀ ẹ̀yà sì wá ń ṣòwò níbẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá wà lára wọn.

Ní ọjọ́ 19 oṣù September 2002, ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè náà, Bouaké sì di ibùjókòó àwọn ọlọ́tẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù October, àwọn ọlọ́tẹ̀ fọwọ́ sí àdéhùn ìdáwọ́ ìjà dúró ní Bouaké, níwájú Cheikh Tidiane Gadio, mínísítà Senegal fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Ìjọba Ààrẹ Laurent Gbagbo sì gbà á. Ní ọjọ́ 4 oṣù November 2004, ọkọ̀ òfurufú ìjọba ju bọ́ǹbù sí Bouaké àti Korhogo, àdéhùn náà sì fọ́. Ní ọjọ́ 6, bọ́ǹbù bọ́ sí àgọ́ ọmọ ogun Faransé ní Bouaké. Ọmọ ogun Faransé mẹ́sàn-án àti ará Amẹ́ríkà kan kú. Ní 2021, ilé ẹjọ́ kan ní Paris dá ẹ̀wọ̀n gbére fún ọkùnrin mẹ́ta lórí ọ̀ràn náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò wá sí ilé ẹjọ́.

Àdéhùn ìdáwọ́ ìjà dúró jẹ́ “má ṣe”. Ènìyàn ni ó bá ènìyàn ṣe é. Ó ní ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀, ó sì lè fọ́. Ṣùgbọ́n òfin kan wà tí kò dúró de ìfọwọ́sí. Àwọn Àdéhùn Geneva ti 1949, ní abala kẹta tí gbogbo wọn jọ ní, sọ pé nínú ogun abẹ́lé pàápàá, ní ìgbà gbogbo àti ní ibi gbogbo, a kò gbọdọ̀ pa ẹni tí kò jà tàbí ẹni tí ó ti kó ohun ìjà sílẹ̀, a kò gbọdọ̀ dá a lóró, a kò sì gbọdọ̀ fi í ṣe ògo.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti ìwé nìkan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù October 2002, ṣáájú àdéhùn náà, àwọn ọlọ́tẹ̀ kó àwọn jàǹdáámù, èyíinì ni ọlọ́pàá-ológun, sí àtìmọ́lé ní Bouaké, pẹ̀lú díẹ̀ nínú àwọn ọmọ wọn. Kò sí ohun ìjà lọ́wọ́ wọn mọ́. Wọ́n pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn. Amnesty International tẹ ìròyìn jáde lórí rẹ̀ ní February 2003, ó sì pè é ní ìwà ọ̀daràn ogun. Ní ọjọ́ tí a pa wọ́n, ẹnikẹ́ni kò tí ì sọ “má ṣe” fún àwọn apànìyàn náà nínú àdéhùn kankan. “Kò gbọdọ̀” ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó gbé ìbọn. Ó wà ṣáájú àdéhùn. Nígbà tí àdéhùn sì fọ́ ní 2004, kò bá a fọ́.

Ọ̀rọ̀ náà “pa ènìyàn”

Níhìn-ín ni iṣẹ́ olùtumọ̀ ti le. Ọ̀rọ̀ Hébérù tí ó wà nínú òfin kẹfà, “ratsach”, kì í ṣe èyí tí a sábà máa ń lò fún pípa ọ̀tá lójú ogun. Síbẹ̀, Númérì orí 35 lò ó fún ẹni tí ó ṣèèṣì pa ẹnìkejì rẹ̀ pẹ̀lú. “Pa ènìyàn” ti Yorùbá gbòòrò jù ú lọ. Àwọn kan lè dábàá pé kí a kọ “pa ènìyàn láìtọ́”. A kò rò pé ó dára. Ẹni tí ó bá fẹ́ pa ẹlẹ́wọ̀n yóò ní tirẹ̀ tọ́, nítorí apànìyàn kì í ṣàìní àwíjàre. Ẹ jẹ́ kí òfin náà dúró ní gbogbogbòò, kí olùkọ́ sì fi Númérì 35 ṣàlàyé rẹ̀.

Ṣé àìṣe ibi tó?

Àlùfáà àti ọmọ Léfì inú Lúùkù orí 10 kò jalè, wọn kò sì na ẹnikẹ́ni; wọ́n kàn gba ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀nà lọ ni. Òwe 3:27 dí ọ̀nà àsálà wọn, nítorí ó fi “má” dá wa lẹ́kun láti fa ọwọ́ oore sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni abala kẹta ti Geneva: lẹ́yìn tí ó ti ka ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe tán, ó pàṣẹ pé kí a kó àwọn tí ó gbọgbẹ́ àti aláìsàn jọ, kí a sì tọ́jú wọn.

Nígbà mìíràn, àìṣe ibi fúnra rẹ̀ a máa gba iṣẹ́. Diutarónómì 22:8 ní kí ẹni tí ó kọ́ ilé mọ ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má bàa já bọ́. Ní ọjọ́ 30 oṣù July 2007, lẹ́yìn àdéhùn Ouagadougou, Gbagbo àti Guillaume Soro, olórí àwọn ọlọ́tẹ̀, pàdé ní Bouaké, wọ́n sì dáná sun ohun ìjà ní gbangba. Ẹni tí kò bá fẹ́ pànìyàn mọ́ ní láti wá nǹkan ṣe sí ìbọn ọwọ́ rẹ̀. Àwọn baba wa ní, bí a bá ń gé igi nínú igbó, kí á fi ọ̀ràn ro ara ẹni wò. Ẹni tí ó bá ro ó dé ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ yóò dá àáké dúró, yóò sì tún wo ẹni tí igi ti wó lù.

Fún ìjíròrò

1. Nínú ìjọ yín, èwo ni àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù jù, “èèwọ̀” tàbí “kò gbọdọ̀”? Kí ni ó fà á?

2. Ẹ wá ibi márùn-ún tí “má ṣe” wà nínú ìwé Òwe. Èwo ni àṣẹ, èwo ni ìmọ̀ràn, èwo ni ẹ̀bẹ̀?

3. Ẹ ka Róòmù 13:8–10. Báwo ni Pọ́ọ̀lù ṣe so àwọn òfin tí ń dáni lẹ́kun mọ́ ìfẹ́?