DÍDÚRÓ DE OLÚWA: AGBÁRA MÁA Ń ṢÁÁJÚ ÌDÁHÙN

Bíbélì kíkà: Isaiah 40:27–31, 1 Sámúẹ́lì 1:9–18, 1 Sámúẹ́lì 13:5–14
Àkọ́sórí: Isaiah 40:31 (Kí olúkúlùkù kọ́ ọ sórí láti inú Bíbélì rẹ̀ kí ọjọ́ ìpàdé tó kò.)

Ohun tí a fẹ́ kọ́ lọ́tẹ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ẹnìkan ń dúró de ọmọ inú. Ẹlòmíràn ń dúró de ọmọ tí ó ti bí, tí ó gba aginjù lọ sí òkè òkun, tí kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Opó ń dúró kí àwọn ẹbí ọkọ jẹ́ kí ó rí yàrá kan gbé. Àwa tí a ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ sì mọ bí ó ti rí láti máa dúró de owó tí a ti fi òógùn ojú wa ṣiṣẹ́ fún.

Onígbàgbọ́ ń dúró, aláìgbàgbọ́ náà ń dúró. Kí ló dé tí dídúró fi ń sọ ẹnìkan di aláàárẹ̀, tí ó sì ń sọ ẹlòmíràn di alágbára? Ìdáhùn Bíbélì ni pé ẹni tí ń dúró de Olúwa kì í dúró títí ìdáhùn yóò fi dé kí ó tó rí agbára gbà. Agbára a kọ́kọ́ dé, ìyípadà a sì bá a dé. Ìdáhùn lè wá tẹ̀lé e.

1. ÌTUMỌ̀ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ

Àwọn tí Isaiah orí 40 ń tù nínú ni àwọn ọmọ Júdà tí wọ́n wà ní ìgbèkùn ní Bábílónì. Jerúsálẹ́mù ṣubú ní ọdún 586 ṣáájú ìbí Olúwa wa. Ọdún 538 ni Kírúsì ọba Páṣíà tó pàṣẹ pé kí wọ́n máa padà sílé. Ẹ ṣírò rẹ̀, ó lé ní ọdún 45. Ọ̀pọ̀ ti bímọ, wọ́n ti rí ọmọ-ọmọ, síbẹ̀ wọn kò tí ì rí ilé. Ẹsẹ 27 jẹ́ kí a mọ ẹjọ́ tí wọ́n ń rò: wọ́n ní Ọlọ́run kò rí ọ̀nà àwọn mọ́, kò sì ka ọ̀ràn àwọn sí.

Nínú ẹsẹ 31, ọ̀rọ̀ Hébérù tí a túmọ̀ sí “dúró de” bá ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe okùn tan. Kódà, ọ̀rọ̀ kan náà tí àwọn Hébérù ń lò fún ìrètí ni a lò fún okùn pupa tí Ráhábù so mọ́ fèrèsé rẹ̀ nínú Jóṣúà orí 2. Ẹ rántí bí àwọn ìyá wa àgbà ṣe ń ran òwú. Bí fọ́nrán òwú bá dá wà, ọmọdé lè fà á já. Ṣùgbọ́n bí a bá lọ́ ọ mọ́ okùn tí ó nípọn, ẹni tí yóò já a ní láti kọ́kọ́ já okùn náà. Ẹni tí ń dúró de Olúwa ń lọ́ ara rẹ̀ mọ́ Olúwa. Agbára tí ó gbé e dúró kì í ṣe tirẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ kejì ni èyí tí Bíbélì wa túmọ̀ sí pé kí a tún agbára ṣe. Ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an ní èdè Hébérù ni kí a pààrọ̀ nǹkan. Òun ni a lò nínú Jẹ́nẹ́sísì 41:14, níbi tí Jósẹ́fù ti pààrọ̀ aṣọ rẹ̀ kí ó tó lọ síwájú Fáráò. Odidi ọdún méjì ni ó ti lò sí i nínú ẹ̀wọ̀n lẹ́yìn tí agbọ́tí ti gbàgbé rẹ̀. Ó bọ́ aṣọ ẹ̀wọ̀n sílẹ̀, ó wọ òmíràn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni Ọlọ́run kò ní kí a máa fi abẹ́rẹ́ rán agbára wa tí ó ti gbó. Ó ní kí a bọ́ ọ sílẹ̀, kí a gba tirẹ̀ wọ̀.

Ẹ tún kíyèsí bí ẹsẹ náà ṣe tò ó: fífò bí ẹyẹ idì, lẹ́yìn rẹ̀ sísáré, lẹ́yìn rẹ̀ rírìn. Ọjọ́ tí a ń fò kò pọ̀. Jíjí ní òwúrọ̀, dídáná, lílọ sí ọjà, títọ́jú aláìsàn, gbogbo rẹ̀ rírìn ni. Ẹni tí ó rìn ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún tí àárẹ̀ kò mú ọkàn rẹ̀, ó ti gba agbára Olúwa.

2. HÁNÀ ÀTI SỌ́Ọ̀LÙ

Gbogbo wa ni a mọ ìtàn Hánà. Ohun tí a máa ń gbójú fò ni ẹsẹ 18. Nígbà tí Hánà dé ilé Olúwa, kò lè jẹun, ẹkún ni ó ń sun. Ó tú ọkàn rẹ̀ jáde níwájú Olúwa, Élì sì súre fún un. Lẹ́yìn náà ó jáde lọ, ó jẹun, ojú rẹ̀ kò sì fàro mọ́. Ǹjẹ́ ó ti lóyún ní àkókò náà? Rárá o. Pẹ̀nínà ṣì wà nílé pẹ̀lú ẹnu rẹ̀. Kò sí ohun tí ó tí ì yí padà nínú ilé Ẹlikénà, àfi Hánà fúnra rẹ̀.

Sọ́ọ̀lù náà dúró. A ní kí ó dúró de Sámúẹ́lì fún ọjọ́ méje, ó sì dúró fún ọjọ́ méje. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń rí àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ń tú ká, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, ó rú ẹbọ tí kò tọ́ sí i láti rú. Bí ó ti rú u tán ni Sámúẹ́lì dé. Ara Sọ́ọ̀lù dúró, ọkàn rẹ̀ kò dúró. Nígbà tí ó yá, ọkùnrin yìí kan náà ni ó lọ bá abókùúsọ̀rọ̀ ní Ẹ́ńdórì ní òru.

3. ÀWỌN TÍ Ó DÚRÓ NÍ ÀGBÁDÁRÌGÌ

A kò ní láti lọ jìnnà kí a tó rí àpẹẹrẹ. Ìhìn rere tí a gbà ní ilẹ̀ yìí fúnra rẹ̀, ọ̀nà ìdúró ni ó gbà wọlé.

Ní ọdún 1841, James Ferguson, ọmọ Ìjọ Elétò tí ó ti Sàró padà wá sí Àgbádárìgì, kọ̀wé pé kí a jọ̀wọ́ rán oníwàásù wá. Ó dúró títí di ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842, nígbà tí Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ pẹ̀lú William de Graft. Nínú oṣù Kejìlá ọdún náà, Freeman dé Abẹ́òkúta, Ṣódẹkẹ́ sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1845, àwọn arákùnrin wa ti C.M.S. dé sí Àgbádárìgì kan náà: Henry Townsend, C. A. Gollmer àti Samuel Àjàyí Crowther. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Ìròyìn tí ó pàdé wọn ni pé Ṣódẹkẹ́ ti kú. Ọ̀nà kò ṣeé gbà. Àwọn ọmọ ogun Ẹ̀gbá dó ti ìlú Adó, aládùúgbò wa níhìn-ín, àwọn oníṣòwò ẹrú kò sì fẹ́ rí oníwàásù sójú. Nǹkan bí oṣù 18 ni wọ́n lò ní Àgbádárìgì.

Kí ni wọ́n ń ṣe? Wọ́n kọ́ ilé, wọ́n kọ́ ilé ìsìn, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń wàásù. Ọ̀nà ni ó tì, ọwọ́ wọn kò tì. Ìdúró náà ná wọn ní nǹkan pẹ̀lú. Láàárín oṣù díẹ̀ ni ìyàwó Gollmer kú, kò fojú kan Abẹ́òkúta. Kò yẹ kí a fi èyí pamọ́ fún ara wa. Hébérù orí 11 sọ fún wa pé àwọn kan kú nínú ìgbàgbọ́ láìrí ohun tí a ṣèlérí gbà, síbẹ̀ Ọlọ́run kò kà wọ́n sí ẹni tí ó dúró lásán.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1846, Crowther àti Townsend wọ Abẹ́òkúta. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà, obìnrin kan wá a wá. Àfàlá ni orúkọ rẹ̀, ìyá Àjàyí ni. Ọdún 1821 ni ogun kó wọn ní Òṣogùn, tí a sì ta ọmọ náà títí ó fi dé etí òkun. Ó di ọdún 25 kí wọ́n tó tún fojú kan ara wọn. Ìyá náà kò tí ì mọ Olúwa, kò sì mọ̀ pé Ẹnìkan ń pa ọmọ òun mọ́. Ní oṣù Kejì ọdún 1848 a ṣe ìrìbọmi fún un. Ẹ gbọ́ orúkọ tí a sọ ọ́: Hánà, ìyá Sámúẹ́lì.

4. IBI TÍ A TI Ń DÚRÓ

Àwọn kan rò pé kí á káwọ́ gbera ni dídúró. Irú ẹ̀kọ́ yìí wọ àárín àwọn ará ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1739 sí 1740, nínú ẹgbẹ́ tí ó ń pàdé ní Fetter Lane. Àwọn olùkọ́ kan ń sọ fún àwọn tí ìgbàgbọ́ wọn kò tí ì kún pé kí wọ́n dákẹ́ jẹ́ẹ́: kí wọ́n má gbàdúrà, kí wọ́n má wá inú Ìwé Mímọ́, kí wọ́n má sì lọ síbi Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, títí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ yóò fi dé bá wọn. John Wesley kọ̀ fún wọn. Ní oṣù Keje ọdún 1740, òun àti àwọn tí ó gbà pẹ̀lú rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ohun tí ó fi kọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ ni pé ojú àwọn ọ̀nà oore-ọ̀fẹ́ ni a ti ń dúró de Olúwa: àdúrà, Ìwé Mímọ́ àti Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Ẹni tí ń dúró de ọkọ̀ kì í jókòó sí ẹ̀yìnkùlé. Ibi tí ọkọ̀ ń gbà ni ó ń lọ dúró sí.

Àwọn baba wa ní bí ó pẹ́ títí, akólòlò yóò pe baba. Ẹ ṣàkíyèsí pé akólòlò náà kò pa ẹnu dé. Ó ń pè é lọ ni.

5. FÚN ÀWA TÍ A WÀ NÍ ILẸ̀ YEWA

A mọ ohun tí ó ń jẹ́ kí ọ̀nà tì. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ìjọba ti ibodè ilẹ̀ yìí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, wọ́n tún dá epo dúró ní àwọn ilé epo tí kò tó kìlómítà 20 sí ibodè. Oṣù Kẹrin ọdún 2022 ni àṣẹ tó jáde pé kí wọ́n ṣí ti Ìdí-Ìrókò. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà ibodè mọ iye owó tí ó wọlẹ̀ àti iye ọmọ tí ó jókòó sílé. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: nígbà tí ọ̀nà tì, irú ènìyàn wo ni a dà? Ẹni tí ó gbin ẹ̀gẹ́, tí ó dín gààrí, tí kò sì fi ìpàdé sílẹ̀, òun ni ó dúró bí àwọn ará Àgbádárìgì. Ẹni tí ó ń fi ìbínú bá ọmọ àti ọkọ sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́, tàbí tí ó lọ yá owó èlé láti fún wòlíì kan kí ó lè bá a ṣí ọ̀nà, ọ̀nà Sọ́ọ̀lù ni ó ń tọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra fún nǹkan mẹ́ta:

(a) Oògùn kò tako dídúró. Nígbà tí Hesekáyà ń ṣàìsàn, Ọlọ́run ti ṣèlérí ìwòsàn, síbẹ̀ Isaiah ní kí wọ́n fi èso ọ̀pọ̀tọ́ lé ojú oówo náà (Isaiah 38:21). Ìyá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, lo oògùn rẹ, kí o sì gbàdúrà.

(b) Dídúró de Olúwa kì í ṣe kí obìnrin máa jókòó sí ibi tí wọ́n ti fẹ́ lù ú pa. Kí ó sá lọ sí ibi ààbò, kí ó sọ fún àwọn àgbà ìjọ àti àwọn ẹbí rẹ̀, kí ó sì ti ibẹ̀ máa gbàdúrà. Dáfídì dúró de Olúwa, ṣùgbọ́n ó yẹ ọ̀kọ̀ Sọ́ọ̀lù, ó sì sá.

(d) Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnìkan dá dúró. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 1:14, àwọn obìnrin wà láàárín àwọn tí wọ́n fi ọkàn kan dúró de Ẹ̀mí Mímọ́. Ẹni tí ń wá ọmọ, ẹ má ṣe máa bi í níbi ìkómọ pé tirẹ̀ ńkọ́. Ẹ bá a jókòó.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ó yí padà lára Hánà kí ó tó lóyún? Kí ni ó fa ìyípadà náà?
2. Ọjọ́ méje ni a ní kí Sọ́ọ̀lù dúró, ó sì dúró fún ọjọ́ méje. Níbo ni ó ti kùnà?
3. Ọ̀nà wo ni ó tì mọ́ ọ báyìí? Iṣẹ́ wo ni ó wà ní ọwọ́ rẹ tí o lè máa ṣe níbi tí o wà?
4. Ta ni ó ń dúró nínú ẹgbẹ́ wa tí a ti gbàgbé láti bẹ̀ wò?

ÀDÚRÀ

Olúwa, ìwọ mọ ohun tí olúkúlùkù wa ń dúró dè. A bọ́ agbára wa tí ó ti rẹ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ. Fi tìrẹ wọ̀ wá. Bí ọ̀nà bá ṣí lónìí, a ó yìn ọ́. Bí kò bá tí ì ṣí, má ṣe jẹ́ kí ọwọ́ wa dilẹ̀, má ṣe jẹ́ kí ojú wa fàro, má sì ṣe jẹ́ kí a wá ilẹ̀kùn mìíràn yàtọ̀ sí tìrẹ. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.