Ẹ̀KỌ́ LÓRÍ Ẹ̀TỌ́ ỌMỌDÉ

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ ní Ìṣẹrí Olówóra àti agbègbè rẹ̀, ẹni tí ó bá gba ọ̀nà ọjà Mile 12 kọjá li ọjọ́ iṣẹ́ yóò rí àwọn ọmọdé tí nwọ́n ru omi inú ọ̀rá àti ẹ̀pà láàrin ọkọ̀, ní wákàtí tí ó yẹ kí nwọ́n wà ní ilé ìwé. Àwa kò sọ èyí láti fi òbí ṣẹ̀sín, nítorí a mọ̀ pé àìní li ó ń lé púpọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ó tọ́ kí a mọ ohun tí òfin wí.

1. Òfin wo ni? Li ọdún 1989 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé ìwé àdéhùn lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé jáde. Nàìjíríà sì tẹ́wọ́ gbà á li ọdún 1991. Ìjọba àpapọ̀ ṣe Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé li ọdún 2003. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ li ọdún 2007. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18 li òfin ń pè li ọmọdé.

2. Kí li ó fi fún ọmọ? Orúkọ, ìforúkọsílẹ̀ nígbà ìbí, ìtọ́jú ara, àti ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún ọdún 9: 6 ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, 3 ní girama kékeré. Kò gbà kí a fi ọmọ kiri ọjà ní títì, tàbí kí a fi í fún ọkọ kí ó tó pé ọdún 18.

3. Iṣẹ́ ilé ha di èèwọ̀ bí? Rárá o. Òfin gba iṣẹ́ fúyẹ́ nínú ilé àti li oko ẹbí. Ilẹ̀ gbígbá kọ́ ọmọ li ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó gba ilé ìwé li ọwọ́ rẹ̀, ó jà á li olè. Ọmọ ọ̀dọ̀ pàápàá wà lábẹ́ òfin yìí gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí a bí nínú ilé.

4. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé ẹ̀tọ́ yóò sọ ọmọ di aláìgbọràn. Òfin ọdún 2003 kan náà pàṣẹ pé kí ọmọ bọ̀wọ̀ fún òbí àti àgbà, kí ó sì ràn wọ́n lọ́wọ́ nígbà àìní.

Ẹ̀kọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́ nítòótọ́, ṣùgbọ́n a ń fi owó ra aṣọ ilé ìwé àti bàtà. Ẹ jẹ́ kí àwọn tí nwọ́n ń dá èésú pọ̀ ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ọmọ aládùúgbò tí ìyá rẹ̀ kò ní. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Ìbéèrè: (a) Ọmọ mélòó li àdúgbò wa ni kò ní ìwé ìbí? (b) Ọmọ ọ̀dọ̀ ilé wa ha ń lọ sí ilé ìwé bí?