Àjọkẹ́, Má Fi Ijó Mi Ṣe Yẹ̀yẹ́

Àjọkẹ́, gbé fóònù yẹn sílẹ̀, wá jókòó síbí. Ṣé èmi ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ lo ń fi rẹ́rìn-ín lóde ìgbéyàwó lánàá, nítorí mo dìde jó Macarena? O ní orin òmùgọ̀ ni. Ó dáa, fetí sílẹ̀, ọmọ mi.

Ìwọ kọ́ lo kọ́kọ́ bú u. Àwọn tó ń fi kálámù dá orin lẹ́jọ́ ti bú u títí, wọ́n ní àsọtúnsọ rẹ̀ pọ̀ jù. Lọ́dún 2002, tẹlifíṣọ̀n VH1 fi í ṣe olórí orin àwọn tí òkìkí wọn kàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀ẹ̀kan kẹ̀? Láti 1962 ni Antonio Romero àti Rafael Ruiz, àwọn Los del Río, ti ń kọrin pọ̀, ọmọ Dos Hermanas lẹ́bàá Seville nílẹ̀ Sípéènì. Ní Caracas ni wọ́n ti rí obìnrin oníjó flamenco kan, ijó rẹ̀ wọ Antonio lára, ló bá kì í lójú ẹsẹ̀. Kíkì yẹn ló di orin tó jáde lọ́dún 1993. Nígbà tí àwọn Bayside Boys ní Miami tún un lù, tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì lé e, ọ̀sẹ̀ 14 ló fi wà lókè téńté lórí àtẹ Billboard ní 1996. Àwọn àgbà méjèèjì sì ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún nígbà náà!

Wo ọwọ́ mi: ọ̀tún síwájú, òsì síwájú, yí àtẹ́lẹwọ́ sókè. Gbé e lé èjìká, sẹ́yìn orí, wá sí ìbàdí. Ju ìdí, kí o yí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àsọtúnsọ tí wọ́n ń bú yẹn ló jẹ́ kí ẹni tí kò mọ ijó rí ijó jó. Àwọn aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú Democrat pàápàá jó o ní àpéjọ wọn ní Chicago lọ́dún yẹn.

Bí o bá fẹ́ bú u, mo mọ ibi tí wàá ti bú u: ọmọbìnrin inú orin náà ń bá àwọn ọ̀rẹ́ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ṣeré nígbà tí ìyẹn lọ wọ iṣẹ́ ológun. Ìyẹn kò dáa, èmi náà kò fara mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n lánàá, ṣé o rí bàbá rẹ? Bàbá rẹ tí orúnkún ń dùn láti ọdún tó kọjá, tó gbé ọ̀pá sí ara àga, tó na ọwọ́ ọ̀tún. Ìgbà wo lo ti rí i kó jó gbẹ̀yìn? Ìdájọ́ tèmi nìyẹn.

Ó yá, dìde. Ọwọ́ ọ̀tún síwájú.